Bàtà Orí Àpáta

Bàbá wa kórìíra kí wọ́n máa ka èèyàn. Ó ní ewúrẹ́ ni wọ́n ń kà, tàbí àpò sìmẹ́ńtì, pé ẹni tó bá ń nawọ́ sí àlejò tó ń pe ení, èjì, ẹ̀ta, ó ti sọ àlejò náà di ẹrù. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi mú àwọn arìnrìn-àjò tí owó wọn ò pọ̀ lọ sí Kòtò, kò sì ka orí ẹnikẹ́ni rí. Bàtà ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi wà. Kòtò jẹ́ ihò ńlá kan láàárín àpáta, ó jìn tó ilé alájà mẹ́ta. Odò kan ń já sínú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń gba abẹ́ òkúta jáde ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Omi tó mọ́ gaara ló wà nísàlẹ̀, èèyàn lè lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ihò kékeré kan wà lẹ́yìn omi tó ń já náà tí wọ́n máa ń jókòó sí ya fọ́tò. Àkàsọ̀ okùn kan ṣoṣo la fi ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn igi tí a fi ń gùn ún tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà sì máa ń há sí wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo èèyàn fi ń lọ. Bàtà á wà lókè, lórí àpáta pẹlẹbẹ kan létí ihò. Ilẹ̀ tó yí Kòtò ká, òkúta wẹ́wẹ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni, oòrùn a sì yan án títí á fi gbóná fòò. Kò sí ẹni tó lè rìn níbẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá láìwọ bàtà. Ìyẹn ni Bàbá gbójú lé. Bí bàtà bá ṣì wà lórí àpáta, ẹnìkan ṣì wà nísàlẹ̀. Bí àpáta bá ti ṣófo, gbogbo wọn ti gòkè nìyẹn, kí ẹni tó wà lókè fa àkàsọ̀ kíákíá.

Fífà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òjò lè má kán sí wa lórí rárá, kó máa rọ̀ lórí àwọn òkè ọ̀ọ́kán, kí omi rẹ̀ sì wá bá wa nínú oòrùn. Ojú ibi tí odò ń gbà jáde nísàlẹ̀ kéré. Tí àgbàrá bá dé, Kòtò á kún bíi garawa tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó ti gbé àkàsọ̀ méjì lọ rí. Èyí tó kù ni Bàbá hun kẹ́yìn kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, gbogbo wa la sì mọ̀ pé kò ní lè hun òmíràn mọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ èmi àti àbúrò mi ni pé bí omi bá ti yí àwọ̀ pẹ́rẹ́, ogún ìṣẹ́jú ló kù.

Àbúrò mi yìí, Ẹja ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí pé inú omi ló ti ń gbádùn ara rẹ̀ jù. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa ń ṣàìsàn, èmi náà ni mo mú un lọ sílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó bu ọwọ́ mi jẹ. Ó ti wá ga jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wa dọ́gba. Láti kékeré la ti ń wọ bàtà ara wa. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mi ò rí tèmi, màá wọ tirẹ̀ jáde, kò sì sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì. Iṣẹ́ wa la pín sí méjì. Òun ló ń sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àlejò, èmi ni mò ń dúró lókè ṣọ́ àkàsọ̀ àti bàtà, tí mo sì ń lọ wo àwọ̀ omi níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà, ní apá òkè. Òun ló máa ń gòkè gbẹ̀yìn. Bó bá ti gòkè, kì í bá wa rìn bọ̀, torí ariwo àlejò máa ń sú u. Á gba ọ̀nà àbùjá inú igbó, á wọ bọ́ọ̀sì tó ṣáájú tiwa, kí a tó délé, tíì á ti gbóná.

Ilé àlejò wa kò ju yàrá mẹ́rin lọ. Bẹ́ẹ̀dì alájà méjì méjì ló wà níbẹ̀, àti fáànù kan tó ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú, àti ilé ìwẹ̀ kan tí ẹ gbọ́dọ̀ kọrin nínú ẹ̀ kí ẹlòmíì má baà já wọlé bá yín. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà létí òkun ní ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwa ní bọ́ọ̀sì èrò àti ẹsẹ̀ wa. Lọ́jọ́ kìíní a ó mú yín gun òkè tí ẹ ti máa rí gbogbo ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kejì ẹ ó rìn létí òkun nígbà tí omi bá fà sẹ́yìn, kí ẹ ṣa ìkarahun tó bá wù yín. Ọjọ́ kẹta ni Kòtò, òun gan-an ni wọ́n sì ń torí ẹ̀ wá.

Mo fẹ́ràn àwọn arìnrìn-àjò olówó kékeré, ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́, wọ́n lè mú orí èèyàn gbóná. Àwọn ló ń fọ ṣòkòtò sínú básíà tí a fi ń fọ abọ́. Àwọn ló ń fi bísíkíìtì jẹ oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n á ní oúnjẹ wúwo ò bá àwọn lára mu. Méje ni wọ́n lọ́sẹ̀ tí mò ń sọ yìí. Tọkọtaya tuntun kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í tú ọwọ́ ara wọn sílẹ̀ àfi tí wọ́n bá fẹ́ jẹun. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta kan wà, ọkùnrin ni gbogbo wọn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé gíga. Màmá nọ́ọ̀sì kan wà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ya gbogbo nǹkan ní fọ́tò, títí kan àgádágodo ilé ìdáná wa. Ẹnì keje ni mo fún lórúkọ lọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀dínwó ni mo pè é, nítorí kò sí ohun tí mo sọ tí kò ní bi mí pé, "Ṣé kò ní ẹ̀dínwó?" Ó ní àpò kékeré kan tó fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí, ó fi kọ́ ọrùn tọ̀sán tòru. Mo sọ fún Ẹja pé ẹni yìí á gbé àpò yìí wọ sàréè. Ẹja ní kí n fi ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀.

Oòrùn mú láàárọ̀ ọjọ́ kẹta wọn bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde. A wọ bọ́ọ̀sì. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì yẹn, apá ọ̀dọ̀ àwọn òkè ló ń gbé. Bó ṣe rí wa, ó ní, "Ẹ̀yin tún ń lọ síbi ihò yín yìí? Òjò tó rọ̀ lọ́dọ̀ wa láti àná, kò jẹ́ ká sùn. Ó tún ń ṣú bọ̀ nígbà tí mò ń jáde."

Mo ní, "Ẹ máa wa bọ́ọ̀sì yín, ẹ jẹ́ ká wo tiwa." Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

A rìn fún wákàtí kan láti ibi tí bọ́ọ̀sì já wa sí. Nígbà tí a dé Kòtò, omi mọ́, ojú ọ̀run mọ́, ṣùgbọ́n ní ọ̀nà jíjìn, lókè àwọn òkè, mo rí ìkùukùu kan tó rí bí èéfín. Ẹja kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ wo ìsàlẹ̀, ó sì tún gòkè padà wá bá mi. Ó fa mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi yìí tutù ju bó ṣe yẹ lọ."

"Omi ló ń tutù, àbí kí ló ń tutù?"

"Mi ò ṣeré. Ó dà bí omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè dé. Tó bá jẹ́ Bàbá ni, a ò ní sọ̀kalẹ̀ lónìí."

Mo wo àwọn àlejò. Tọkọtaya ti bọ́ aṣọ òkè. Màmá nọ́ọ̀sì ti ya àkàsọ̀ ní fọ́tò ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni gbogbo wọn ń padà sílé. Mo ronú òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ọkọ̀ onígíláàsì rẹ̀, mo ronú ohun tí wọ́n máa sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ wọn, pé a mú àwọn rìn fún wákàtí kan nínú oòrùn wá wo àkàsọ̀. Mo ní, "Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré. Màá lọ máa ṣọ́ àwọ̀ omi. Bí mo bá fọn fèrè, ẹ jáde."

Ó wò mí. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ̀gbọ́n ni mí, ọ̀rọ̀ mi ló máa ń gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí di òní olónìí.

Mo kìlọ̀ fún wọn bí mo ṣe máa ń kìlọ̀, pé kí wọ́n má gbé àpò kankan sọ̀kalẹ̀, pé kí bàtà kálukú wà lórí àpáta, pé ẹni tó bá gòkè kó wọ tirẹ̀ kó lọ dúró sábẹ́ igi. Wọ́n bọ́ bàtà, Ẹja náà bọ́ tirẹ̀, sálúbàtà olókùn pupa tí Bàbá fi wáyà tún ìdí rẹ̀ so. Bàtà mẹ́jọ ló wà lórí àpáta, tèmi sì wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n sọ̀kalẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Mo ń gbọ́ igbe ayọ̀ wọn látìsàlẹ̀ fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ariwo omi bò ó.

Mo bọ́ sí ọ̀nà ibi tí odò ti ṣẹ́ kọ́nà. Mi ò tíì rìn jìnnà tí okùn sálúbàtà mi fi já pátápátá. Ẹ ò mọ bí inú ṣe bí mi tó. Mo gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ lásán rìn, òkúta gún mi, ó jó mi, mo fò sókè bí ẹni tí tanpẹ́pẹ́ gbá mú. Mo ju sálúbàtà náà sínú igbó, mo ṣépè fún ẹni tó tà á fún mi, mo fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ padà síbi àpáta. Mo wọ ti Ẹja. Mi ò ro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí mo ṣe ń wọ̀ ọ́ láti kékeré náà ni mo ṣe wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé bàtà ẹlòmíràn ni.

Nígbà tí mo dé kọ́nà odò, omi ti yí àwọ̀.

Kò ì dúdú. Ó kàn rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí ni. Ewé gbígbẹ ń léfòó lójú rẹ̀, ẹ̀ka igi tútù kan sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, èso ṣì wà lórí rẹ̀. Mo sáré. Mo fọn fèrè láti ojú ọ̀nà títí mo fi dé etí Kòtò, mo fọn ọ́n títí àyà fi ń dùn mí.

Wọ́n gòkè wá, mo gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́, wọn ò fi falẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló kọ́kọ́ yọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé apá kan eré ni. Ìyàwó yọ, ọkọ yọ. Mo ń pariwo, "Bàtà yín! Ẹ wọ bàtà yín, ẹ bọ́ sábẹ́ igi!" Màmá nọ́ọ̀sì ló tẹ̀ lé wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí igi tó kẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ gbá òkúta, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo gbé e dìde, mo wọ bàtà fún un, mo mú un lọ sábẹ́ igi, mo fa gèlè orí mi ya, mo fi di orúnkún rẹ̀. Òun tó ti ń di egbò fún èèyàn láti ogójì ọdún, ó ń kọ́ mi bí mo ṣe máa dì í. Bí mo ṣe ń dì í lọ́wọ́, Ẹ̀dínwó gòkè wá fúnra rẹ̀. Mo rí i tó ń wọ bàtà. Ojú rẹ̀ funfun, kò wò mí lójú.

Nígbà tí mo gbé orí sókè, mo wo àpáta. Ó ṣófo.

Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo ní Ẹja ti gòkè nígbà tí mo ń di orúnkún màmá yìí, ó ti wọ bàtà rẹ̀, ó ti bá ọ̀nà àbùjá lọ bí ìṣe rẹ̀. Mo lọ sí etí Kòtò. Mo bojú wo ìsàlẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, eruku omi ti bo gbogbo rẹ̀ bí kùrukùru. Ariwo náà ti yí padà, ó ti nípọn, ó ń mi ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo di àkàsọ̀ mú, mo fà á. Ó wá díẹ̀, ó dúró. Nǹkan kan ti há sí i nísàlẹ̀. Ẹ̀ka igi, mo rò bẹ́ẹ̀, torí mo ti rí ẹ̀ka igi tó ń bọ̀. Mo ronú ọwọ́ Bàbá tó ń gbọ̀n, mo ronú pé àkàsọ̀ kẹta nìyí. Mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta.

"Ẹ wá bá mi fà á! Omi ti fẹ́ gbé e lọ!"

Àwa mẹ́rin la fà á. Ó há, ó há, ó sì tú lójijì, tó fi jẹ́ pé gbogbo wa fi ìdí jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín. A ká àkàsọ̀ náà, a fi tapólì wé e, a so ó mọ́ ìdí igi bí a ṣe máa ń ṣe. Mo yìn wọ́n pé wọ́n ṣe bí ọkùnrin.

Wákàtí kan la fi rìn padà. Àwọn àlejò ń sọ̀rọ̀, ọkọ ń sọ bó ṣe gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ ikú, ìyàwó ní òun ni òun kọ́kọ́ gòkè. Ẹ̀dínwó nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó ń wẹ̀yìn wò ṣáá. Mo bi í pé ṣé ó gbàgbé nǹkan ni, ó ní rárá. Mi ò ṣàkíyèsí pé kò sí àpò lọ́rùn rẹ̀. Èmi tí mo ń fi àpò yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ tó yẹ kí n wò ó, mi ò wò ó.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé, kọ̀ńdọ́ ní, "Ẹja ò bá yín bọ̀ ni?"

"Ó ti ṣáájú. Ẹ̀yin náà lẹ gbé e nígbà tí ẹ kọ́kọ́ kọjá."

"Àwa kọ́ o. Èmi ò rí i."

Mo pòṣé. Mo ní kọ̀ńdọ́ tí kò rántí ẹni tó ti sanwó, ṣé òun ló máa rántí ẹni tó wọ bọ́ọ̀sì? Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi, ó rẹ̀ mí. Bẹ́ẹ̀ ni okùn pupa yẹn wà lójú mi láti ibẹ̀ dé ilé, mi ò sì rí i.

Bàbá wà lórí àga rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó kí àwọn àlejò níkọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣe. Mo kọjá lọ sẹ́yìn ilé láti wo tíì. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Mo fọwọ́ kan ògiri níbi tí ààrò wà nínú, ó tutù. Mo ní ó lè jẹ́ pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló dá a dúró lọ́nà. Mo padà síwájú ilé.

Bàbá ní, "Ẹja dà?"

"Ó ti ṣáájú wa, Bàbá. Ó gba àbùjá."

Ojú rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ó wò ó pẹ́.

"Bàtà ta ni ìyẹn?"

Mo wo ilẹ̀. Mo rí okùn pupa. Mo rí wáyà.

"Bàbá," ni mo wí.

"Kà wọ́n," Bàbá wí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ, ohùn rẹ̀ ga. "Mo ní kí o ka àwọn èèyàn tí o mú bọ̀ wálé!"

Mo kà wọ́n. Mo nawọ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan, nínú àgbàlá bàbá mi, mo ń pè é jáde lẹ́nu, ení, èjì, ẹ̀ta, títí mo fi dé ẹnì keje. Mo fọwọ́ lé àyà ara mi, mo ní ẹ̀jọ. Mo dúró. Ẹ̀dínwó wá bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀, mo fi aṣọ bò ó. Inú ihò ẹ̀yìn omi ni mo gbàgbé ẹ̀ sí. Nígbà tí fèrè dún, mo sọ fún Ẹja. Ó ní kí n máa gùn ún lọ, pé òun ń bọ̀. Mo rò pé ó ti bọ̀. Mo rí i pé ẹ fa àkàsọ̀, mo ní ẹ ò lè fà á tí kò bá tíì bọ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nípa wa nìyẹn, pé a kì í fa àkàsọ̀ tí àpáta ò bá ṣófo.

Mẹkáníìkì tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa ló fi alùpùpù gbé mi. Bàbá fẹ́ bá wa lọ, kò lè dìde. Lọ́nà, mo ń sọ fún Ọlọ́run pé kó gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì. Mo bá a ṣe àdéhùn oríṣiríṣi, irú èyí tí ojú máa ń ti èèyàn láti rántí. Mẹkáníìkì kò dákẹ́ ní wíwí pé, "Ẹja ni, ó mọ omi, Ẹja ni." Mo fẹ́ kó dákẹ́.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí a dé. Omi ti kún Kòtò kọjá ìdajì, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹrẹ̀, ó ń yípo, ó ń gbé igi odidi yíká. Mo pe orúkọ rẹ̀, kì í ṣe Ẹja, orúkọ tí ìyá wa sọ ọ́. Mo pè é títí ohùn mi fi já. Mẹkáníìkì ló kọ́kọ́ rí i. Gbòǹgbò kan wà tó yọ láti ara ògiri àpáta ní apá ọ̀hún, Ẹja fi apá méjèèjì wé e, omi wà ní àgbọ̀n rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Àpò Ẹ̀dínwó wà lọ́rùn rẹ̀.

A tú àkàsọ̀, a jù ú sí i. Ó pẹ́ kó tó lè tú ọwọ́ kan kúrò lára gbòǹgbò náà. Ó pẹ́ púpọ̀. Mẹkáníìkì so okùn mọ́ra, ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá a, a sì jọ fà á jáde. Ó dùbúlẹ̀ sórí àpáta pẹlẹbẹ, níbi tí bàtà máa ń wà, ó ń gbọ̀n. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ti bó, èékánná méjì ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo dì mọ́ ọn, mo ń sunkún, mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń sọ pé mi ò mọ̀, pé àpáta ṣófo, pé mo rò pé ẹ̀ka igi ló há.

Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó wá fi ojú wá ẹsẹ̀ mi.

"Ọwọ́ mi ti ba igi tó kẹ́yìn lára àkàsọ̀," ó wí. Ohùn rẹ̀ kéré, kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn gan-an ló já mi láyà. "Mo gbé ojú sókè. Ẹ mọ̀ pé téèyàn bá wà nísàlẹ̀, ó máa ń rí òkè. Mo rí bàtà mi létí Kòtò. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní ẹni tó wọ bàtà mi ò lè gbàgbé mi."

Mo bọ́ sálúbàtà náà, mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó dìde dúró, ó di apá mẹkáníìkì mú, ó sì fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́ yẹn títí dé ibi tí alùpùpù wà. Kò wo ilẹ̀, kò yára. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀dínwó lọ lọ́jọ́ kejì. Ó san owó rẹ̀ pé, kò béèrè nǹkan kan. Bàbá kò bá mi wí. Ó kàn ní láti ọjọ́ yẹn lọ, kí n máa ka àwọn èèyàn, bó sì ṣe sọ ọ́ tán ló wọ yàrá lọ, kò jẹun lọ́jọ́ náà.

Àbúrò mi ṣì ń bá mi ṣiṣẹ́. Ó ṣì ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, ó ń bá mi ṣeré, ó ń jẹ oúnjẹ tí mo sè. Àwọn àlejò tó ń wá kò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Wọ́n kàn máa ń bi mí, bí a bá dé Kòtò, ìdí tí gbogbo èèyàn fi bọ́ bàtà sórí àpáta, tí òun fi so tirẹ̀ pọ̀, tó fi kọ́ ọrùn kó tó gun àkàsọ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Lẹ́yìn náà màá kà wọ́n sókè ketekete, òun náà mọ́ wọn.